Mo fẹ́ lọ wo Koeberg, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà létí òkun: kí ni kí n tẹjú mọ́?

Olùkọ́ Òkè-Fíà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Òṣogbo níbí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya àwòrán ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá: ríátọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń la átọ́ọ̀mù, níhìn-ín, tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí, lọ́hùn-ún, ọfà kan láti ibí dé ibẹ̀. N kò fojú rí ọ̀kan rí. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Cape Town, Gúúsù Áfíríkà, ti ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun nínú oṣù Kejìlá, ohun àkọ́kọ́ tó sì wá sí mi lọ́kàn ni Koeberg, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí àríwá ìlú náà, ní etí òkun Àtìláńtíìkì gan-an.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ènìyàn lásán láàyè láti wọ ibẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ ni ìbéèrè kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí ní sáà tó kọjá. Ó ní, "Sà, kí ló dé tó fi jẹ́ etí òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí? Ṣé kí wọ́n lè da omi sí i bí ó bá gbiná ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó súnmọ́ ọn, mo sì yára kọjá sí orí ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn yẹn ti ń tì mí lójú. Ọmọ mìíràn tún fi kún un pé kí ló dé tí a kò lè fi odò Ọ̀ṣun ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, n kò béèrè bóyá ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ tàbí kò yẹ. A ti jiyàn ìyẹn títí níbòmíràn, ilẹ̀ sì ṣú. Ohun tí mo ń wá ni bí ènìyàn ṣe lè lọ sí irú ibẹ̀ kí ó sì padà wálé pẹ̀lú òye, kí ó má jẹ́ fọ́tò ẹnu géètì nìkan ni yóò mú bọ̀.

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ kú àárọ̀, olùkọ́ wa. Ọmọ Ìgbọ̀nà ni mí, mo sì ti ń gbé ní Cape Town fún ọdún mẹ́jọ. Mo ti dé Koeberg lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n dá mi padà, àti ẹ̀ẹ̀kan tí mo wọlé. Ìdápadà yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni bí kò ṣe tèmi, nítorí mo gbàgbé ìwé ìrìnnà mi sílé, mo sì rò pé ẹnu dídùn á tó.

Kí ẹ má baà já ara yín kulẹ̀, ẹ kò ní wọ ilé tí ríátọ̀ wà. Wọ́n ní ilé ìgbàlejò kan, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn àwòrán àti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gé láàárín han àlejò, tí òṣìṣẹ́ kan sì ń ṣàlàyé. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, nítorí inú oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní orílẹ̀-èdè yìí máa ń wọ ìsinmi gígùn.

Bí ilé ìgbàlejò bá tilẹ̀ wà ní títì, ẹ má tìtorí ìyẹn pa ìrìn náà tì. Ilẹ̀ tó yí ilé iṣẹ́ náà ká, tó tó nǹkan bí 3,000 hẹ́kítà, ni wọ́n sọ di ibi ààbò fún ẹranko àti ewéko. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti oríṣiríṣi ẹtu ń jẹko níbẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì wà fún àlejò láti rìn. Láti ojú ọ̀nà náà ni ẹ ó ti rí àwọn ilé ríátọ̀ méjèèjì, tí wọ́n rí roboto bí àká ńlá méjì tó dúró ti ara wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí èéfín kankan. N kò sì rí àwọn ilé gogoro onídìí fẹ̀ǹfẹ̀ tí a máa ń rí nínú fọ́tò, tí ìkuukuu ń tú jáde lẹ́nu wọn. Mo béèrè, wọ́n sì dá mi lóhùn pé òkun ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ilé gogoro yẹn ń ṣe níbòmíràn.

Ẹ wo ibi tí omi òkun ti ń wọlé dáadáa. Wọ́n kó òkúta wọnú òkun bí apá méjì tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra, kí ìgbì lè rọlẹ̀ kí omi tó dé ẹnu ẹ̀rọ tí ń fà á. Mo dúró síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà bá wa là á yé.

Akọ́ṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn-àjò, sà. Mo ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ìgbà díẹ̀ ní ibùdó ìwádìí nípa agbára tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. N ó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yín, nítorí ó jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé òkun ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú átọ́ọ̀mù. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ Koeberg sí etí òkun kò yàtọ̀ sí ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbín sí etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́, lẹ́bàá Ìkòròdú. Gáàsì ni wọ́n ń sun ní Ẹ̀gbín. Wọ́n fi ń se omi, ooru omi náà ń yí tọ́báìnì, omi ọ̀sà sì ń mú ooru náà tutù kí ó lè padà di omi tí wọ́n ó tún sè. Bí ẹ bá ti dé Ẹ̀gbín rí, ẹ ti rí ìdajì Koeberg. Ohun tó yàtọ̀ kò ju orísun iná lọ: ní Koeberg, nútírọ́ọ̀nù, èérún kékeré kan tí í máa wà nínú átọ́ọ̀mù, ń la átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù sí méjì, ìlàsí náà ń mú ìgbóná wá, ó sì ń tú nútírọ́ọ̀nù mìíràn sílẹ̀ tí yóò la átọ́ọ̀mù mìíràn.

Omi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹ rántí bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín: omi ń hó nísàlẹ̀ ìkòkò, ìgbóná rẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín inú ewé fi ń jinná, síbẹ̀ bí ẹni tó pọ́n ọn bá mọ ewé í ká, omi kò ní wọnú rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ni èyí tó ń yí inú ríátọ̀ ká. Ó gbóná kọjá 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò hó, nítorí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 150 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara wa. Bí ìkòkò onídèérí líle tí a fi ń se ẹran tó yi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn le ju tiwa lọ fíìfíì. Omi yìí gba inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú àwọn àgbá ńlá, mẹ́ta fún ríátọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ara àwọn ọ̀pá yẹn ni omi kejì ti ń gba ìgbóná, tó sì ń di ooru. Àwọn àgbá yìí máa ń gbó. Nínú ọdún 2023 ni wọ́n pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ríátọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gba àṣẹ láti lò ó títí di ọdún 2044, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1984 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìlú ní iná.

Ooru omi kejì náà ń yí tọ́báìnì ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì: ìgbà 25 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀ náà sì ní ọ̀pá òòfà mẹ́rin, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà méjì, tí ó fi di 50, iye kan náà tí iná ilé yín ní Òṣogbo fi ń lọ tó fi ń bọ̀.

Lẹ́yìn tí ooru bá ti yí tọ́báìnì tán ni òkun tó dé. Omi òkun, èyí tí í ṣe omi kẹta, ń gba inú àwọn ọ̀pá mìíràn kọjá lábẹ́ tọ́báìnì, ooru tó kan àwọn ọ̀pá náà á tutù, á sì padà di omi. Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó. Ríátọ̀ kan ń mú ìgbóná tó súnmọ́ 2,800 mẹ́gáwáàtì wá, iná mànàmáná tí a rí gbà nínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 930 lọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbóná yẹn, òkun ló ń gbé e lọ. Kì í ṣe ìwà ìmẹ́lẹ́ àwọn ẹnjiníà. Òfin ìgbóná tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló fà á, bó sì ṣe rí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi ooru omi yí tọ́báìnì nìyẹn, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Fún iṣẹ́ yìí, ríátọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fa nǹkan bí 40 tọ́ọ̀nù omi òkun ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yín pín 1,870 mẹ́gáwáàtì tó ṣẹ́kù sínú 40 tọ́ọ̀nù yẹn, yóò rí i pé omi náà yóò fi ìwọ̀n 11 tàbí 12 gbóná sí i kí ó tó padà sínú òkun. Ìdí tún rèé tí òkun Cape Town fi dára fún un: ìṣàn omi Benguela tí ń gba etí ilẹ̀ wọn kọjá tutù rinrin, bí omi bá sì ti tutù tó ni tọ́báìnì ṣe ń rí agbára fà nínú ooru tó.

Ní ti odò Ọ̀ṣun, ẹ fojú inú wo tánkà omi onílítà 10,000. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni ríátọ̀ kan ń gbé mì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá ti dúró lórí afárá Ọ̀ṣun nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó rí òkúta ìsàlẹ̀ odò, kò nílò ìṣirò mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé òkun jẹ́ dandan. Ní aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Palo Verde tó ní ríátọ̀ mẹ́ta kò sí létí òkun tàbí létí odò. Omi ìdọ̀tí àwọn ìlú tó wà nítòsí, tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Òkun ni ọ̀nà tó rọrùn jù, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ó wá ku apá ìbéèrè ọmọ yẹn tó sọ pé "bí ó bá gbiná". Kò gbiná bí igi, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbóòórùn nǹkan kan. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ju àwọn ọ̀pá ìdádúró sínú ríátọ̀, ìlàsí átọ́ọ̀mù á dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìgbóná kò dúró. Ẹni tó fi igi dáná mọ̀ pé bí a bá fa igi kúrò lábẹ́ ìkòkò, ògúnná tó ṣẹ́kù ṣì lè jó ọbẹ̀. Àwọn èérún tí átọ́ọ̀mù là sí ni ògúnná ti ríátọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, ìgbóná tó ṣẹ́kù tó ìdá mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 180 mẹ́gáwáàtì ní Koeberg. Lẹ́yìn wákàtí kan, yóò ti wálẹ̀ sí bí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ 40 mẹ́gáwáàtì kì í ṣe eré. Kò sí bọ́tìnì tí ènìyàn lè tẹ̀ láti pa ògúnná yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí omi máa yí i ká fún ọjọ́ àti oṣù, títí yóò fi rọlẹ̀. Tí ẹ bá dé ilé ìgbàlejò, ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé fún yín jù lọ: àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi nígbà tí tọ́báìnì bá ti dúró.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí nǹkan kí ẹ tó rìn jìnnà, ríátọ̀ kékeré kan wà ní Yunifásítì Àmọ́dù Béllò ní Zaria láti ọdún 2004, tí wọ́n pààrọ̀ epo inú rẹ̀ ní ọdún 2018. Agbára rẹ̀ kò tó 40 kìlówáàtì, kì í sì í pèsè iná mànàmáná. Ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà Ọba

Ẹ kú àlàyé o, ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ pátá, bí ọmọ ọmọ mi tilẹ̀ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ẹja inú òkun ni mò ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Omi tí ẹ ní ó ń padà sínú òkun yẹn, ṣé kò gbé májèlé kankan dání? Àti pé àwọn ẹja tí ẹ̀rọ bá fà mọ́ omi wọlé ńkọ́?

Akọ́ṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Ìbéèrè yín tọ́, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Omi òkun tó kọjá lábẹ́ tọ́báìnì kò dé ọ̀dọ̀ ríátọ̀. Ògiri ọ̀pá méjì ló wà láàárín wọn. Ìgbóná àti oògùn díẹ̀ tí wọ́n ń fi dí ìṣáwùrú òkun lọ́wọ́ láti má dì mọ́ inú ọ̀pá ni ó ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì létí òkun ni wọ́n gbà láàyè láti tú ìwọ̀nba omi tí wọ́n ti sẹ́ sínú òkun, èyí tí tírítíọ́ọ̀mù díẹ̀, ìyẹn irú háídírójìn kan tó ń tú ìtànṣán jáde, máa ń wà nínú rẹ̀. Àṣẹ wà lórí iye rẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó tú u. Wọ́n tún ń mú ẹja, ewéko òkun àti yanrìn lágbègbè náà láti yẹ̀ wọ́n wò. Fún ìfiwéra, ìwọ̀n ìtànṣán tí òfin àgbáyé fàyè gbà fún ará ìlú láti irú ibẹ̀ jẹ́ 1 mílísífáàtì lọ́dún, nígbà tí ilẹ̀, oúnjẹ àti ojú ọ̀run fúnra wọn ń fún ènìyàn ní nǹkan bí 2.4 lọ́dún, bí a bá dá gbogbo ayé pọ̀.

Ní ti àwọn tí ẹ̀rọ ń fà, òótọ́ ni, Mọ̀mí. Àwọ̀n irin wà lẹ́nu ọ̀nà omi tó ń dá àwọn ẹja ńlá dúró, ṣùgbọ́n ẹyin ẹja àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í yè é. Òkun náà máa ń gbẹ̀san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹran òkun kan wà tí ara wọn rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní jellyfish. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, wọ́n ya bo ilé iṣẹ́ Torness ní Skọ́tílándì, wọ́n dí àwọ̀n náà pa, ó sì di dandan kí wọ́n pa ríátọ̀ méjèèjì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, irú wọn tún mú kí ríátọ̀ mẹ́rin dúró ní Gravelines ní ilẹ̀ Faransé. Kò sí ewu tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹran tí kò ní egungun ṣe sí irin.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Mo kí gbogbo yín. Ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, tó wà ní Òṣogbo níbí, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi tó wá láti Ifẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó gún régé, àfi pé gbogbo yín kọjú sí òkun, ẹ kò sì wẹ̀yìn. Olùkọ́, ìdajì ìdáhùn tí ẹ ń wá lọ sí Cape Town wà ní ìlú yín níbí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Koeberg wà. Èédú ni orílẹ̀-èdè wọn fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn, ìhà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún ni èédú náà sì wà, ó ju 1,000 kìlómítà lọ sí Cape Town. Iná tó bá rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ lórí wáyà ń sọnù lọ́nà, wáyà gígùn sì ṣòro láti ṣọ́. Wọ́n nílò ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìpẹ̀kun gúúsù tó máa di òpin wáyà náà mú. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun wà ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ohun tó mú wọn yan ibẹ̀ ni wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ pé "gírídì ti ṣubú", ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣubú. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó wà lórí wáyà, láti Kéǹjì dé Ẹ̀gbín, ń yí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀pá kan ló so wọ́n. Bí iye iná tí à ń ṣe bá bá iye tí ìlú ń lò mu, iná wọn yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá já lójijì, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn yòókù, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà ru pákó ńlá tí ọ̀kan sì yọ èjìká. Wọn yóò rọ̀, 50 á di 49 àti ẹ̀sún, bí kò bá sì sí ẹni tó ní agbára tó pamọ́ láti fi dí i, òmíràn á tún já, òmíràn á tún tẹ̀ lé e.

Nítorí náà ni àwa tí a jókòó sídìí iṣẹ́ náà fi máa ń sọ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná tó wà lórí wáyà lọ. Iye tó ga jù tí gírídì wa tíì gbé rí kò ju 5,800 mẹ́gáwáàtì àti díẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, iye ojoojúmọ́ sì máa ń kéré sí ìyẹn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀gbín jẹ́ 220. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ 930 kan lé irú wáyà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹran òkun aláìléegun yẹn bá dí àwọ̀n rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà iná orílẹ̀-èdè ló lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Gúúsù Áfíríkà, tí ìlú ń lo ju 30,000 lọ nígbà òtútù, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ẹ̀rọ kan ní Koeberg jẹ́. Ó lè já, kí wọ́n sì rí i dí.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Ògúnná tí ọmọ mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ omi, omi ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò fà á, ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná. Níbo ni iná yẹn ti ń wá nígbà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti dúró? Láti orí wáyà ni. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún ìlú á wá di ẹni tó ń tọrọ iná lọ́wọ́ ìlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima ní Jàpáàn ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011 nìyẹn. Ilẹ̀ mì, àwọn ríátọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pa ara wọn bó ṣe yẹ. Ìmìtìtì náà já wáyà tó ń gbé iná wá láti ìta, àwọn jẹnẹrétọ̀ onídísù sì gbéra, wọ́n gba iṣẹ́ ṣe. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí òkun fi kún bo odi, ó wọ ibi tí àwọn onídísù wà, ó sì pa wọ́n. Ríátọ̀ mẹ́ta yọ́ nínú. Ẹ máa gbọ́ pé òkun ló bà á jẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìsí iná láti fa omi ló jẹ́ kí wọ́n yọ́.

Àwọn ti Koeberg ní onídísù tiwọn. Wọ́n tún ní ilé iṣẹ́ kékeré kan nínú ìlú Cape Town, tó ń jẹ́ Acacia, tí tọ́báìnì rẹ̀ lè gbéra kíákíá láti fi iná ránṣẹ́ sí Koeberg bí wáyà orílẹ̀-èdè bá kú. Èmi ì bá jẹ́ ẹ̀yin, olùkọ́, ibi tí wáyà ti ń jáde ni n ó kọ́kọ́ lọ dúró kí n tó wo òkun. Iná 400,000 fóòlítì ló ń gba orí rẹ̀ lọ; tiwa tó gba Jẹ́bà wá sí Òṣogbo jẹ́ 330,000. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń mú yín kiri pé: bí wáyà yìí bá kú ní òru òní, ta ló máa kọ́kọ́ gbà á, ta ló tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú mélòó ló sì wà láàárín wọn?

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ kú ọgbọ́n àgbà, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá lábẹ́ àwọn wáyà yẹn, tí mo sì ń wá ibi tí n ó ti ya fọ́tò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà.

Olùkọ́ Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Lánàá ni mo padà sí kíláàsì, mo ní kí ọmọ yẹn dìde, mo sì sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé ìdáhùn tí mo fún un ní sáà tó kọjá kò tọ́. A ṣe ìṣirò 40 tọ́ọ̀nù náà pọ̀. Ọmọ náà rí 11.7, ó sì ní òun gbà pé ẹja kò ní sè, ṣùgbọ́n ó béèrè bóyá àwọn ẹja olómi tútù kò ní kó kúrò lágbègbè ibẹ̀. Mo ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀ láti béèrè.

Bàbá, bí ara yín bá le, mo fẹ́ kí ẹ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí sáà yìí tó parí, nítorí ọ̀nà Cape Town jìn, ẹ̀yin sì wà nítòsí. Ọmọ wa tó wà ní Ifẹ̀, bí ẹ bá mọ ọ̀nà tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ̀wé béèrè fún ìbẹ̀wò sí ibùdó yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà. Bọ́ọ̀sì kan tó láti kó kíláàsì náà lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ Ìlú Aró, ọmọbìnrin mi ní kì í ṣe ìwé ìrìnnà nìkan ni kí n rántí, pé afẹ́fẹ́ etí òkun yẹn ń gé ènìyàn lára nínú oṣù Kejìlá pàápàá. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ kí n ra ẹ̀wù òtútù fún òun náà ni?

Ọmọ Ìlú Aró

Òótọ́ ni, sà. Ẹ ra méjì.